Ìṣẹ̀dá Ẹ̀dá-Eré: Ọ̀rọ̀ àti Ìlànà fún Òṣèré Tuntun

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan tí ń jẹ́ Dungeons & Dragons jáde ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ ni Tactical Studies Rules, ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ni ó wà nínú páálí rẹ̀. Eré náà kò jọ lúdò, nítorí pé kò sí ẹni tí ń fi ẹnì kejì sẹ́yìn láti jáwé olúborí. Àwọn ènìyàn díẹ̀ a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan a máa ṣe bí ẹ̀dá kan tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá. Ẹnì kan láàrin wọn a sì máa ṣàlàyé ibi tí àwọn ẹ̀dá náà wà àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nígbà tí ohun tí ẹ̀dá kan fẹ́ ṣe bá lè bọ́ sí i, tí ó sì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, dáìsì ni wọ́n fi ń mọ èyí tí yóò jẹ́.

Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi eré bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni ènìyàn ń gbà wọ inú púpọ̀ nínú wọn: òṣèré tuntun ní láti kọ́kọ́ ṣẹ̀dá ẹni tí yóò máa ṣe bí ẹni pé òun ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń kọ́. Wọn yóò fún un ní ìwé kan tí ó kún fún orúkọ àti àyè òǹkà, wọn yóò sì ní kí ó kọ nǹkan sí i. Kò mọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí eré náà yóò ṣàánú rẹ̀, yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì bá a kọ gbogbo rẹ̀ tán. Àánú náà ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀dá ẹlòmíràn ni òṣèré tuntun náà ń gbé kiri. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ fẹ́ ṣe, ojú ẹni tí ó bá a kọ ìwé ni yóò máa wò.

Ohun méjì ni ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún. Èkíní ni wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe rẹ́gí fún àwọn nǹkan tí òṣèré tuntun kò lè ṣe aláìmọ̀. Èkejì ni títo àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tí ẹ̀dá náà yóò fi jẹ́ ti ẹni tí ó fẹ́ lò ó. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òwe náà kan ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ tuntun, ó sì kan ẹni tí ń ṣẹ̀dá ẹ̀dá-eré pẹ̀lú. Eré Dungeons & Dragons ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ jáde fún títà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù.

2. Orúkọ eré náà àti ti àwọn tí ń ṣe é

Irú eré yìí yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé, nítorí pé kò nílò òǹwòran, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí òṣèré kọ́ sórí. Ó yàtọ̀ sí ayò, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é kì í bá ara wọn díje. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù ni eré ọmọdé, níbi tí ọ̀kan ti ń ṣe bí ìyá, tí èkejì ń ṣe bí bàbá, tí iyanrìn sì ń dúró fún oúnjẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé eré yìí ní òfin, ó sì ní òǹkà. Nítorí náà, eré ìṣebí ni orúkọ tí ó bá a mu. Bí ó bá pọn dandan láti yà á sọ́tọ̀ sí irú rẹ̀ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, kí ó máa jẹ́ eré ìṣebí orí tábìlì.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀dá-ìtàn, fún ẹni tí ìtàn ń sọ nípa rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni ẹ̀dá-eré ti jáde. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí kì í ṣe ọ̀kan. Òǹkọ̀wé ni ó mọ ibi tí ẹ̀dá-ìtàn ń lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ẹ̀dá-eré ń lọ, àní òṣèré tí ó ni ín pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Òṣèré dára fún ẹni tí ń ṣe eré náà. Àwọn aláyò a máa pe ẹni tí ó mọ ayò ta ní ọ̀ta, wọn a sì máa pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ní òpè. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò yẹ nínú eré ìṣebí. Ẹ̀fẹ̀ ni ó jẹ́ nídìí ọpọ́n ayò, níbi tí ọ̀ta ti ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo ènìyàn ti jọ ń hun ìtàn kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n bá ti pè ní òpè kò ní lanu mọ́. Òṣèré tuntun ni kí ó máa jẹ́. Ẹni tí ń ṣàlàyé ayé eré náà, tí ó sì ń ṣe ìdájọ́ lórí òfin rẹ̀, ni adarí-eré. Ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ẹ̀dá-eré kan sí ni ìwé-ẹ̀dá.

3. Àbùdá mẹ́fà

Láti ọdún 1974 títí di òní, nǹkan mẹ́fà ni Dungeons & Dragons fi ń wọn ẹ̀dá-eré. Àbùdá ni kí wọ́n máa jẹ́, nítorí pé ohun tí ó bá ẹ̀dá wá ni wọ́n. Ohun tí ẹ̀dá kọ́, bí igi gígùn, ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí títọ ipasẹ̀ ẹran, ni ìmọ̀-ọn-ṣe.

Mẹ́ta nínú àbùdá náà jẹ mọ́ ara. Agbára ni ti gbígbé, títì àti lílù. Ìjáfáfá ni ti ìyára ẹsẹ̀ àti ìdúróṣinṣin ọwọ́: òun ni tafàtafà fi ń ta ọfà ba ojú àmì, òun náà sì ni ẹni tí wọ́n ta lọ́fà fi ń yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro láti sọ lórúkọ. Okun ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Ṣùgbọ́n okun àti agbára jọ ń rìn pọ̀ nínú èdè Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí òṣèré tuntun kò fi ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìfaradà ni ó yẹ, nítorí pé ara hàn nínú rẹ̀ gedegbe: ẹni tí ó lè fi ara da ebi, òtútù, májèlé àti ọgbẹ́ ni ó ní àbùdá yìí.

Mẹ́ta yòókù jẹ mọ́ ọkàn àti ìbágbé ènìyàn. Ọgbọ́n, ìmọ̀ àti òye ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ìmọ̀ kò ṣeé lò fún àbùdá, nítorí pé kíkọ́ ni ènìyàn ń kọ́ ọ. Ọgbọ́n fẹ̀ jù: ó kó ọgbọ́n àgbà, ọgbọ́n orí àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, bẹ́ẹ̀ méjì ni eré náà fẹ́ pín ọ̀rọ̀ náà sí. Nítorí náà, kí òye dúró fún ìrònú, ìrántí àti títètè mọ ẹ̀kọ́. Kí làákàyè dúró fún ìfura, ìkíyèsí àti mímọ ohun tí ó wà nínú ẹlòmíràn kí ó tó sọ ọ́. Ẹni tí ó kàwé dé góńgó tí kò mọ̀ pé wọ́n ń tan òun jẹ ní òye, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ kò tó. Àbùdá kẹfà ni ìfanimọ́ra, ó sì yẹ kí ó hàn pé kì í ṣe ẹwà. Arẹwà lè dé àwùjọ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ tirẹ̀; ẹni tí kò lẹ́wà rárá sì lè sọ̀rọ̀ kí gbogbo ọjà dákẹ́.

4. Ọ̀nà mẹ́ta tí òǹkà fi ń dé

Òǹkà ni wọ́n fi ń sọ bí àbùdá kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó. Nínú ìwé 1974, dáìsì mẹ́ta olójú mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń jù fún àbùdá kọ̀ọ̀kan, wọn a sì ro ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èyí ni ọ̀nà ìjù. Òǹkà tí ó kéré jù ni 3, èyí tí ó pọ̀ jù ni 18. Dáìsì mẹ́ta lè balẹ̀ ní ọ̀nà 216. Nínú 216 yìí, ọ̀nà 1 péré ni ó ń mú 3 wá, ọ̀nà 1 péré ni ó sì ń mú 18 wá; ṣùgbọ́n ọ̀nà 27 ni ó ń mú 10 wá, ọ̀nà 27 mìíràn ni ó sì ń mú 11 wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àbùdá fi ń bọ́ sí àárín, tí èyí tí ó ga jù lọ fi ṣọ̀wọ́n. Ohun kan tún wà tí ó yẹ fún àkíyèsí: adarí-eré ni ìwé 1974 ní kí ó ju dáìsì náà, kì í ṣe òṣèré. Ní 1979, ìwé àwọn adarí-eré ti Advanced Dungeons & Dragons fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tí wọ́n fi ń ju dáìsì mẹ́rin, tí wọ́n sì ń yọ èyí tí ojú rẹ̀ kéré jù kúrò. Èyí gbé ìpíndọ́gba òǹkà kan gòkè láti 10.5 sí nǹkan bí 12.2.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà ìpín. Ìwé àwọn òṣèré ti 2014 to òǹkà mẹ́fà kalẹ̀: 15, 14, 13, 12, 10 àti 8. Òṣèré gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pín wọn fún àbùdá bí ó ti wù ú. Ọ̀nà kẹta, tí ó wà nínú ìwé kan náà, ni ọ̀nà ìrà. Òṣèré gba àmì 27. Àbùdá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí 8. Àmì ni ó sì fi ń ra ìgbéga. Òǹkà 10 ń gba àmì 2, 12 ń gba 4, 13 ń gba 5, 14 ń gba 7, 15 ń gba 9, kò sì sí ẹni tí ó lè rà kọjá 15. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé òǹkà mẹ́fà ti ọ̀nà ìpín, bí wọ́n bá fi àmì rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 27 géérégé ni yóò lọ sí i.

Ẹni tí ó bá gbọ́ nípa àwọn ọ̀nà yìí lè rò pé orúkọ wọn ti wà nílẹ̀. Èrò Yorùbá nípa orí ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ó dà bí ẹni pé ìjù ni àkúnlẹ̀gbà, pé ìrà ni àkúnlẹ̀yàn, pé ẹ̀dá tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ de òṣèré ni àyànmọ́. Ìfiwéra náà wúlò fún àlàyé, òṣèré tí ó gbọ́ Yorùbá yóò sì tètè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwọn ọ̀rọ̀ náà di orúkọ ọ̀nà. Ìdí méjì ni ó wà. Èkíní, nínú èrò Yorùbá, orí ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀nà mẹ́ta tí ènìyàn lè mú ọ̀kan nínú wọn kí ó fi méjì sílẹ̀. Èkejì, orí tí ẹ̀dá gbé kúrò ní ilé Àjàlá kò ṣeé dá padà bí ọjà, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀dá ṣeé fà ya kí wọ́n kọ òmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá gbé ẹrù tí ó ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ, tòun ti ẹrù náà ni yóò wọ etí ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ìjù, ìpín àti ìrà ti tó.

5. Èlé àti ẹ̀dín

Láti inú ẹ̀dà kẹta tí ó jáde ní ọdún 2000 ni òǹkà kékeré kan ti ń bá gbogbo òǹkà àbùdá rìn ní ìlànà kan ṣoṣo, òun sì ni wọ́n ń lò jù nídìí eré. Àbùdá tí ó jẹ́ 10 tàbí 11 kò fi nǹkan kún ohun tí dáìsì bá mú wá, kò sì yọ nǹkan kúrò. 12 àti 13 ń fi 1 kún un. 14 àti 15 ń fi 2 kún un. 8 àti 9 ń yọ 1 kúrò. Ibí yìí ni nǹkan ti ń dojú rú fún òṣèré tuntun, nítorí pé òǹkà méjì ni ó bá ní ẹ̀gbẹ́ àbùdá kan.

Èdè Yorùbá ti ní irinṣẹ́ rẹ̀ nínú ètò òǹkà. Ẹni tí ó pe 12, ohun tí ó ń wí ni pé 2 lé ní 10. Ẹni tí ó pe 16, ohun tí ó ń wí ni pé 20 dín 4. Lé àti dín yìí náà ni ó wà nínú èlé tí olówó ń gbà lórí owó tí ó yáni, àti nínú ẹ̀dínwó tí oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ohun tí wọ́n ń fi kún dáìsì máa jẹ́ èlé. Kí ohun tí wọ́n ń yọ kúrò máa jẹ́ ẹ̀dín. Òṣèré yóò wí pé, “Agbára mi lé méjì, ìfanimọ́ra mi dín ọ̀kan.” Gbólóhùn náà kò nílò ògbufọ̀.

6. Iṣẹ́, ẹ̀yà àti ìtàn àtẹ̀yìnwá

Iṣẹ́ ni ó ń sọ irú agbo tí ẹ̀dá-eré wà. Ìwé 1974 fi mẹ́ta lélẹ̀: jagunjagun, onídán àti àwòrò. Olè darapọ̀ mọ́ wọn nínú ìwé àfikún tí ń jẹ́ Greyhawk ní 1975. Ìwé 2014 sì ní iṣẹ́ 12. Òṣó kò dára ní ipò onídán, nítorí pé ibi ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ onídán inú eré náà lè jẹ́ ènìyàn rere.

Ẹ̀yà ni ó ń sọ bóyá ènìyàn ni ẹ̀dá náà tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú ìtàn àwọn ará Yúróòpù, bí ẹ́líìfù. Kò yẹ kí ẹ́líìfù di iwin: iwin ní ìtàn tirẹ̀ nínú igbó Yorùbá, kì í sì í ṣe ìtàn kan náà. Ìwé 2014 a máa fi kún òǹkà àbùdá nítorí ẹ̀yà. Ìwé 2024 yọ àfikún náà kúrò lára ẹ̀yà, ó gbé e sára ìtàn àtẹ̀yìnwá. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀dá ti ṣe rí ni ó ń fi kún un, kì í ṣe irú ẹni tí ó bí i. Ìwé náà tún pa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yà dà, nítorí pé ó jọ bí wọ́n ti ń pín ọmọ ènìyàn sí ìran-ìran. Ẹ̀yà ní Yorùbá gba ti ẹranko, ti igi àti ti ènìyàn, nítorí náà kò sí ìdí láti pa á dà.

Bí ìtàn àtẹ̀yìnwá ti ṣe pàtàkì tó hàn nínú eré mìíràn, Traveller, tí Marc Miller ṣe, tí ó jáde ní 1977. Nínú rẹ̀, ẹ̀dá-eré bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 18, ó wọ iṣẹ́ kan, sáà kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ náà sì jẹ́ ọdún 4. Ní sáà kọ̀ọ̀kan òṣèré a ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ẹ̀dá náà yè é. Nínú òfin àkọ́kọ́, bí dáìsì bá kọ̀, ẹ̀dá náà kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òfin líle ni, ṣùgbọ́n òṣèré tí ẹ̀dá rẹ̀ là á já kì í ṣe aláìmọ ẹni tí òun ní lọ́wọ́.

7. Ìlànà fún ẹni tí ń ran òṣèré tuntun lọ́wọ́

Àbùdá ni ó gba iwájú ìwé-ẹ̀dá, ìtàn a sì wà lẹ́yìn. Kí ẹni tí ń ranni lọ́wọ́ yí i padà. Kí ó kọ́kọ́ bi òṣèré tuntun ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ẹ̀dá yìí jẹ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀? Kí ni ó ń wá? Kí ni kò lè dá ṣe, tí yóò fi nílò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn ìdáhùn ni iṣẹ́ tó kàn, lẹ́yìn iṣẹ́ ni àbùdá, lẹ́yìn àbùdá ni èlé àti ẹ̀dín. Nínú ọ̀nà mẹ́ta, ìpín ni ó rọrùn jù fún ẹni tuntun: òǹkà ti wà nílẹ̀, kò sí ìṣirò, síbẹ̀ òun ni ó pín in.

Fún àpẹẹrẹ, bí òṣèré tuntun kan bá wí pé ẹ̀dá òun ni Morẹ́nikẹ́, obìnrin atukọ̀ tí ń gbé èrò kọjá odò. Àbúrò rẹ̀ bá àwọn èrò kan lọ, kò sì padà. Lẹ́tà kan ni ó fi sílẹ̀, Morẹ́nikẹ́ kò sì mọ̀wé. Ó ń wá ẹni tí yóò kà á fún un. Jagunjagun ni ó yàn fún un, nítorí pé àwọn ọlọ́ṣà orí omi ti kọ́ ọ ní ìjà. Ó fi 15 sí agbára àti 14 sí ìfaradà nítorí àjẹ̀ tí ó ń fà. Nígbà tí ó kan òye, ọ̀ta tí ó jókòó tì í lè yára wí pé, “Kò mọ̀wé, fi 8 sí i.” Ibí yìí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra. Àìmọ̀wé kì í ṣe àìlóye. Ìmọ̀ ni ó kù, òye sì lè wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi òṣèré náà, ó lè dáhùn pé Morẹ́nikẹ́ kò gbàgbé ojú èrò kankan tí ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí. Ìrántí nìyẹn, ti òye sì ni: 13. Làákàyè gba 12, ìjáfáfá gba 10. 8 bọ́ sí ìfanimọ́ra, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, èyí tí ó bá sì sọ a máa korò. Agbára àti ìfaradà lé méjì-méjì. Òye àti làákàyè lé ọ̀kan-ọ̀kan. Ìjáfáfá kò lé, kò dín. Ìfanimọ́ra dín ọ̀kan.

Wàyí o, ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí ìṣàn odò. Dáìsì olójú 20 ni wọ́n ń jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Adarí-eré ní òǹkà náà gbọ́dọ̀ dé 15. Dáìsì mú 11 wá. Agbára lé méjì, ó di 13. Kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀-ọn-ṣe rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń fi 2 kún un fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ó di 15, ó sì gúnlẹ̀. Ìjù kan ṣoṣo yìí ti fi àbùdá, èlé àti ìmọ̀-ọn-ṣe han òṣèré tuntun lójú ayé, kò sì sí èyí tí wọ́n ní kí ó kọ́ sórí ṣáájú.

Ìlànà mẹ́rin ni ó ti ibẹ̀ jáde. Èkíní, kí ìbéèrè ṣáájú àlàyé. Èkejì, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Ẹ̀kẹta, kí gègé àti dáìsì wà lọ́wọ́ òṣèré tuntun. Bí ó bá fi 8 sí ibi tí ọ̀ta kò ní fi í sí, kí ọ̀ta sọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹrin, bí àkókò bá kúrú tí ó fi di pé ẹ̀dá àṣetẹ́lẹ̀ ni wọn yóò lò, kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀dá náà àti ohun tí ó ń wá sílẹ̀ láìkọ, kí ẹni tí yóò lò ó kọ ọ́.

8. Ìkádìí

Ibi tí wọ́n ti ń dán ọ̀rọ̀-iṣẹ́ wò ni ẹnu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Bí òṣèré tuntun bá lè lo èlé, làákàyè tàbí ìpín nínú gbólóhùn tirẹ̀ kí alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ, ọ̀rọ̀ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá lè lò ó, kí àwọn onímọ̀ wá òmíràn. Àkójọ àwọn tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí:

Eré ìṣebí: eré tí òṣèré ti ń ṣe bí ẹ̀dá tí ó ṣẹ̀dá.
Ẹ̀dá-eré: ẹni tí òṣèré ń ṣe bí ẹni pé òun ni.
Adarí-eré: ẹni tí ń ṣàlàyé ayé eré, tí ó sì ń dájọ́ lórí òfin.
Ìwé-ẹ̀dá: ìwé tí ọ̀rọ̀ àti òǹkà ẹ̀dá-eré wà nínú rẹ̀.
Àbùdá: ohun àdámọ́ tí wọ́n ń fi òǹkà wọ̀n.
Ìmọ̀-ọn-ṣe: ohun tí ẹ̀dá-eré kọ́.
Ìjù, ìpín, ìrà: ọ̀nà mẹ́ta tí òǹkà àbùdá fi ń dé.
Èlé, ẹ̀dín: ohun tí àbùdá ń fi kún dáìsì tàbí tí ó ń yọ kúrò.
Ẹ̀dá àṣetẹ́lẹ̀: ẹ̀dá-eré tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ de òṣèré.